Olú Tó Hù Lókè Àjà Royal Albert Hall

Ẹyọ kan péré ni àtẹ́wọ́ tí Bàámi pa, àmọ́ ó tó láti mú kí gbogbo èrò yíjú sí wa. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń mú wa káàkiri gbọ̀ngàn náà gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí méjì. Àwọn àlejò yòókù ń wo bàbá arúgbó tó wọ bùbá àti ṣòkòtò, tó fi jákẹ́ẹ̀tì ọkọ mi lé e. Bàámi ò tiẹ̀ rí wọn. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ́ etí sí òkè àjà, bí ẹni tó ń retí èsì láti yàrá kejì.

"Kò dáhùn," ó sọ fún mi. "Wọ́n ti wò ó sàn."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọdún 31 ni Bàámi fi tẹ dùrù tó sì fi kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan l'Abẹ́òkúta. Òkúta ni ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ rẹ̀, òkè àjà rẹ̀ sì ga débi pé àwọn àdán tó ń gbé ibẹ̀ ò mọ̀ pé èèyàn wà nísàlẹ̀. Bí àlùfáà bá ní "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà", ògiri á tún un wí. Àwọn àgbà ìjọ ní àǹfààní ni, pé ẹni tí kò bá gbọ́ ti àkọ́kọ́ á gbọ́ ti ìkejì. Bàámi ò rí àǹfààní kankan níbẹ̀. Orin tí tẹ́nọ̀ rẹ̀ ti kọ tán ló máa ń padà wá gbá èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ lójú. Nítorí náà, kò sí gbọ̀ngàn tó máa wọ̀ tí kò ní pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kó sì dákẹ́. Ó ṣe é níbi ìgbéyàwó mi. Ó ti ṣe é rí ní bánkì, tí sìkíọ́rítì sì dìde.

Gbohùngbohùn ni à ń pe nǹkan yẹn. Òun náà ló sọ Royal Albert Hall ti Lọ́ńdọ̀nù di ẹni ẹ̀fẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọdún kẹrìnlá tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá níwájú gbọ̀ngàn yìí lọ síbi iṣẹ́ nìyí, mi ò wọ̀ ọ́ rí. Bàámi ló wá kí wa, òun ló ní ká lọ, nítorí ó ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò BBC láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin.

Ìbéèrè rẹ̀ kejì, lẹ́yìn àtẹ́wọ́, ni pé: "Ta ló sanwó rẹ̀?" Ẹni tó bá ti ṣe kọmitíì ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì rí á mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ilé ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní 1851, Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, wà nídìí àfihàn ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Hyde Park, tí orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi kó iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ wọn wá sí. Èrè gidi wọlé. Wọ́n fi ra ilẹ̀ gbàǹgbà ní South Kensington, lápá gúúsù pápá náà, láti fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, gbọ̀ngàn ńlá kan sì wà lára ohun tí Albert ní lọ́kàn. Ó kú ní December 1861, ẹni ọdún 42, láìtíì fi bíríkì kan lé èkejì. Wọ́n dáwó láti fi ṣe ìrántí rẹ̀, àmọ́ ère rẹ̀ tó ń dán gbinrin lódìkejì títì ló gbé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú owó náà mì. Owó ère ti wà, ti gbọ̀ngàn ò sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọmitíì, ẹ mọ̀ pé irú èyí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan.

Ọ̀rẹ́ olóògbé kan tó ń jẹ́ Henry Cole ló dá ọgbọ́n sí i. Wọ́n ta àga kí ilé tó wà. 100 pọ́ùn ni àga kan, ẹni tó bá sì rà á, tirẹ̀ ni fún ọdún 999.

"Ọgọ́rùn-ún mẹ́wàá ó dín ẹyọ kan!" Bàámi dúró sójú kan. "Ta ló máa wà láyé láti wá gbà á lọ́wọ́ wọn?"

Kò sẹ́ni tó tíì gbà á. Nínú ìjókòó 5,272 tó wà nínú gbọ̀ngàn náà lónìí, nǹkan bí 1,268 ló ṣì jẹ́ ti aládàáni. Ẹlòmíì jogún tirẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀, ẹlòmíì rà á lọ́jà. Bí wọn ò bá fẹ́ wá wòran lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n lè ta tíkẹ́ẹ̀tì àga wọn, nígbà míì ní iye tó ju èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ fíìfíì. Ìjà ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́, ó ti dé ilé aṣòfin. Èrò tèmi ni pé ẹni tó dáwó nígbà tí kò sí nǹkan kan lórí ilẹ̀ yẹ fún ìjókòó rere. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń fi àga ṣòwò nínú ilé tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ilé ẹlẹ́yinjú àánú, ìyẹn ò dùn létí. Bàámi ò bá mi dá sí i. Ó ń rántí àga iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n kan orúkọ ìdílé mọ́, tí obìnrin àlejò kan jókòó sí lọ́jọ́ Àjíǹde, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ológun ló kọ́ ilé náà. Francis Fowke, kápútẹ́ẹ̀nì nínú ẹgbẹ́ ẹnjiníà ọmọ ogun, ló ya àwòrán rẹ̀. Ó kú ní 1865, Henry Scott, ológun bíi tirẹ̀, sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọbabìnrin fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní May 20, 1867, ọjọ́ yẹn ló sì yí orúkọ tí wọ́n ti sọ ilé náà padà, tó fi orúkọ ọkọ rẹ̀ síwájú. Òkúta náà ṣì wà lábẹ́ àga: ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì K, ìlà 11, àga 87, orí rẹ̀ ló jókòó lé.

Bíríkì pupa mílíọ̀nù mẹ́fà ló wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá dúró lójú títì, ẹ óò rí ọ̀já kan tí wọ́n fi àwòrán ẹ̀dá èèyàn ṣe, tó yí ilé náà ká lókè bí ọ̀já gèlè. Àwọn obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé itòsí ibẹ̀ ló to àwọn òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n òrùlé ni ọba. Ó rí bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, irin àti gíláàsì ni, ó wúwo ju 600 tọ́ọ̀nù lọ. Ìlú Manchester ni wọ́n ti rọ irin rẹ̀. Wọ́n tò ó pọ̀ níbẹ̀ láti rí i pé ó bára mu, wọ́n tú u, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó o wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n máa yọ àwọn igi tó gbé e dúró, ní 1869, wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ bọ́ síta, àyàfi ẹni tó bá fínnú-fíndọ̀ yọ̀ǹda ara rẹ̀. Igi kúrò. Òrùlé sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kò tó sẹ̀ǹtímítà kan, ó sì dúró. Ibi tó dúró sí lọ́jọ́ náà ló wà.

Ó ṣí ní March 29, 1871. Ìbànújẹ́ ọkọ tó ti kú láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ò jẹ́ kí Ọbabìnrin lè sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ló bá a kéde pé gbọ̀ngàn ti ṣí. Ọmọ náà tún ka ìwé ìkíni, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Gbohùngbohùn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ ọba, ó ń sín in jẹ níṣojú ìyá rẹ̀ àti gbogbo ìlú. Ìwé ìròyìn ò ṣàìkọ ọ́. Àwàdà tó tẹ̀ lé e pẹ́ nílẹ̀: pé ibẹ̀ nìkan ni olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lè ní ìdánilójú pé òun á gbọ́ iṣẹ́ òun lẹ́ẹ̀mejì.

Àrùn náà ò ṣòro láti lóye. Ohùn gòkè láti orí pèpéle, ó wọ inú igbá ìdojúdé yẹn, igbá náà kó o jọ, ó dà á padà sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ míì ti wà lẹ́nu. Aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ ta sábẹ́ rẹ̀, aṣọ ńlá tó bo gbogbo ojú òrùlé, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dín in kù, kò wò ó sàn. Ní 1949 wọ́n tú aṣọ, wọ́n fi páànù alumíníọ̀mù sí i. Kò tíì tó. Ìgbà tó di 1969 ni wọ́n tó gbé olú wá.

Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, olú, tó jẹ́ pé ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá dúró láàárín gbọ̀ngàn tẹ́ ẹ gbójú sókè, àwo rìbìtì-rìbìtì tí wọ́n fi fáíbà ṣe ló so rọ̀ sábẹ́ òrùlé, kékeré àti ńlá, ẹ̀yìn wọn yọ bí ti olú ọ̀gán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, àmọ́ sísàlẹ̀ ni wọ́n kọjú sí. Iná aláwọ̀ aró ń tàn sí wọn lára. Mẹ́tàdínlógóje ó dín méjì ni wọ́n kọ́kọ́ so, ìyẹn 135. Ní 2001 wọ́n tún un ṣètò, ó ku 85. Ohùn tó bá ń gòkè lọ á bá wọn pàdé, wọ́n á tú u ká kó tó dé inú igbá. Ohun tí Bàámi gbọ́ tí kò gbọ́ nìyẹn. Ó dúró sábẹ́ wọn títí ọ̀dọ́bìnrin náà fi rọra fọwọ́ kàn án pé àwọn yòókù ti lọ.

Dùrù ló mú un kúrò níbẹ̀. Fèrè 9,999 ló wà lára dùrù náà, èyí tó ga jù nínú wọn ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ. Henry Willis ló kọ́ ọ ní 1871, ẹ̀rọ tí oru omi gbígbóná ń tì ló sì ń fún un ní ẹ̀mí nígbà náà. Wọ́n tún un ṣe láàárín 1924 sí 1933, wọ́n tún un ṣe ní kíkún parí ní 2004. L'Abẹ́òkúta, ẹsẹ̀ Bàámi ni ẹwìrì. Dùrù tó lò fún ogún ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, àwọn ọmọ ìjọ sì mọ̀ pé orin ìyìn tó bá ju ẹsẹ mẹ́fà lọ, orúnkún ọ̀gá akọrin ló ń san án. Ó béèrè bóyá òun lè fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ dùrù náà. Wọ́n fi ẹ̀rín kọ̀ fún un.

Lórí àtẹ̀gùn la ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Ọ̀dọ́bìnrin náà ti dárúkọ Victoria tó ìgbà mẹ́wàá. Bàámi ní, "Ìyá ìsàmì ọmọ wa ni Ọbabìnrin yìí kẹ̀."

Àìná ló ń sọ, ọmọ Yewa, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó o lẹ́rú ní kékeré lẹ́yìn tí wọ́n pa òbí rẹ̀. Ní 1850 Ọba Gezo fi í ta ọ̀gágun ojú omi kan tó ń jẹ́ Forbes lọ́rẹ, pé kó gbé e fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi orúkọ ọ̀gágun náà àti ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta, Victoria sì gba ìtọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́. Ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò Èkó, ní Brighton ní 1862, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ikú Albert. Àkọ́bí wọn obìnrin, Victoria ni wọ́n sọ ọ́, Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ sì ni ìyá ìsàmì rẹ̀. Ọmọ yìí ló dàgbà di ìyàwó Dókítà John Randle l'Ékòó.

Ibi tí Bàámi ń lọ nìyí. Ìyá Randle yìí ló fún olórin kan tó ń jẹ́ Samuel Coleridge-Taylor ní orin Yorùbá kan, "Olóba", tí ó fi sínú ìwé orin dùrù rẹ̀ ti 1905, ìwé orin adúláwọ̀ mẹ́rìnlélógún. Bàámi ti tẹ "Olóba" nílé wa, nínú ẹ̀dà kan tí ikán ti jẹ igun rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ tó ọgọ́rùn-ún ìgbà, mi ò mọ̀ pé orin wa ni. Mo rò pé ti òyìnbó ni, nítorí inú ìwé ló ti ń jáde.

Coleridge-Taylor fúnra rẹ̀, bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ọmọ Sàró, ìyá rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Croydon ló dàgbà sí, kò jìnnà sí ibi tí mò ń gbé. Ẹni ọdún 23 ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ orin rẹ̀ lórí ìgbéyàwó Hiawatha, akọni onílẹ̀ Amẹ́ríkà inú ewì kan, ní 1898. Ó ta ẹ̀tọ́ orin náà pátá ní 15 gínì, owó Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó fi díẹ̀ ju pọ́ùn lọ. Ó kú ní 1912, ẹni ọdún 37. Láti 1924 títí di 1939, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdọọdún ni gbọ̀ngàn yìí ń kún fún Hiawatha. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún akọrin ló ń wọ aṣọ àti ìyẹ́ bíi ti àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, èrò ń wọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń lọ sọ́dún. Ẹni tó ni orin ti wà nínú ilẹ̀, àwọn tó fi sílẹ̀ ò sì ní ìpín nínú ohun tó ti tà. Ẹni tó ra àga ní 100 pọ́ùn, ọmọ rẹ̀ ń jẹ ẹ́ fún ọdún 999. Ẹni tó kọ orin tó kún orí àga, 15 gínì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo sọ èyí fún Bàámi. Ó ní kí n má pariwo, pé ilé onílé la wà.

Ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí pọ̀ ju ohun tí mo lè kà lọ. Marcus Garvey, ajàjàgbara adúláwọ̀, sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní 1928, àga òfìfo ló pọ̀ jù. Einstein sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní 1933 nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé tí Hitler lé kúrò nílé. Wọ́n ti ja ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀, àwọn oníjàkadì sumo ti Japan ti gbé ara wọn ṣánlẹ̀ níbẹ̀ ní 1991. Ní 2017, Wizkid kún un, àbúrò mi wà níbẹ̀, ohun tó rántí jù ni ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin. Òótọ́ ni. Wọ́n gbẹ́ abẹ́ ilé náà débi pé ọkọ̀ akẹ́rù ń wọlé sábẹ́ rẹ̀ láti já ẹrù, wọ́n fi nǹkan bí 70 mílíọ̀nù pọ́ùn tún un ṣe kó tó di 2004, àmọ́ lásìkò ìsinmi àárín eré, obìnrin ṣì ń tò yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rìbìtì yẹn ká.

Alẹ́ ọjọ́ kejì la padà wá fún orin gan-an. Àsìkò Proms ni. Gbọ̀ngàn Queen's Hall ni ọdún orin yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1895, àmọ́ bọ́ǹbù Jámánì jó ibẹ̀ ní May 1941, wọ́n sì kó o wá síbí. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbà láti dúró, owó rẹ̀ ò tó 10 pọ́ùn: yálà ní àárín, níwájú pèpéle, tàbí ní òkè téńté. Òkè la lọ, nítorí níbẹ̀ èèyàn lè tẹ́ nǹkan sílẹ̀ jókòó. Ọkùnrin kan tiẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó bọ́ bàtà, ó dijú. Mo tẹ́ ìró mi fún Bàámi. Ó kọ̀, ó ní òun ò wá sùn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ Proms. Ní 2021, ẹgbẹ́ olórin Chineke! lu African Suite ti Fela Sowande níbí, iṣẹ́ tí olórin ọmọ Yorùbá yẹn kọ ní 1944. Mo fi rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i, ó fóònù mi lọ́gànjọ́ láti sọ fún mi pé wọ́n sáré díẹ̀ ní ìparí. Lálẹ́ tiwa, kò sí Sowande. Orin àwọn ará Yúróòpù ni, ó gùn, mo tòògbé lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, dùrù wọlé.

Kì í ṣe etí ni mo kọ́kọ́ fi gbọ́ ọ. Ilẹ̀ tí mo jókòó lé ló gbọ̀n, bí ìgbà tí tírélà ń ti ẹ̀yìn ilé bọ̀. Mo wo Bàámi. Ó ti ṣí fìlà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí irin tó wà níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ń lọ sókè sódò nínú sálúbàtà, díẹ̀díẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, ó ń fẹ́ ẹwìrì fún dùrù tí kò nílò rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró títí orin fi tán. Ìgbà tí gbogbo ilé bú sí àtẹ́wọ́, òun ò pàtẹ́wọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó dákẹ́ títí a fi kọjá pápá. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun pe Bàbá Ìjọ. Mo ní aago mẹ́wàá ti kọjá. Ó ní Bàbá Ìjọ kì í tètè sùn. Mo pè é, mo fi fóònù sórí sípíkà.

"Bàbá Ìjọ, ẹ kú alẹ́ o. Rárá o, àlàáfíà ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, káfíńtà tó kan àjà ilé yín, ẹ bá mi bi í léèrè iye tó máa gbà láti so olú rọ̀ sókè àjà ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá jẹ́ 30, ó ti tó. Nípa ti owó, a lè ta àga."

Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ wà ní òdìkejì, ẹ̀rọ amúnáwá ẹnì kan ń kù lọ́nà jíjìn.

"Ọ̀gá Akọrin," ni Bàbá Ìjọ wí, "ẹ ní kí ni kí ó so rọ̀?"